Ṣé Ẹni Tó Gbóòórùn Àkàrà Ti Jẹ Àkàrà?

Ní ìrọ̀lẹ́ oṣù Ràmàdáànì, kí àkókò ìṣínu tó tó, ẹni tó ń gba ààwẹ̀ ní Yaba kò ríbi sá sí fún òórùn oúnjẹ. Ní Sábó, àkàrà ń ta nínú epo gbígbóná, àwọn Hausa tó ń sun sùyà sì ti ń fẹ́ná. Bọ̀ọ̀lì ń bẹ lórí ẹyin iná létí ọ̀nà Herbert Macaulay. Bí atẹ́gùn bá ti ọ̀sà fẹ́ wá, èéfín ẹja tí àwọn obìnrin ń yan ní Makoko á gba Ìwàyá àti Àdékúnlé wọ àárín ìlú. Irú ìbéèrè kan wà tí àwọn ààfáà kì í ṣaláì gbọ́ lásìkò yìí: òórùn tó wọ imú mi lọ́sàn-án, ṣé kò tíì ba ààwẹ̀ mi jẹ́? Àwọn kan ti gbà pé ó ti bà á jẹ́, ni wọ́n bá ń tutọ́ sílẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Àwọn mìíràn á fi ìborùn dí imú bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ìsọ̀ alákàrà. Obìnrin tó sì ń dáná oúnjẹ tà lè máa fòyà pé iṣẹ́ tí òun fi ń bọ́ ọmọ ló ń jẹ ààwẹ̀ òun run. Ìbéèrè náà tóbi ju ààwẹ̀ lọ, nítorí ohun tó ń wá gan-an ni ààlà tó wà láàárín ohun tó kàn wá lára àti ohun tí a gbà sínú. Èrò tèmi ni pé gbígbóòórùn nǹkan kì í ṣe jíjẹ ẹ́, kì í sì í ṣe mímu ún. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé nǹkan wà nítòsí ni. Ohun tó ń sọ èèyàn di ẹni tó jẹ tàbí tó mu ni pé kí ó mọ̀ọ́mọ̀ gba nǹkan náà fúnra rẹ̀ wọlé, kí nǹkan náà lè ṣe é ní ohun tí oúnjẹ, ohun mímu tàbí oògùn ń ṣe fún ara. Bí ọ̀kan nínú nǹkan méjì yìí kò bá sí, a ò lè pè é ní jíjẹ.

Ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹsẹ 187 nínú Súúrátúl-Bákárà, níbi tí òfin ààwẹ̀ wà. Ohun mẹ́ta ló dárúkọ níbẹ̀: jíjẹ, mímu, àti ìbálòpọ̀ tọkọtaya. Ó yọ̀ǹda wọn lóru títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, ó sì ní kí a pa ààwẹ̀ mọ́ títí di alẹ́. Òórùn kò sí níbẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé dídákẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí, pé ọ̀pọ̀ nǹkan ni ẹsẹ náà kò dárúkọ tí àwọn onímọ̀ òfin sì ti fi ìrònú gbé ìdájọ́ lé lórí, irú bí èébì tí èèyàn fọwọ́ fà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ ẹni tí kò mọ̀ yàtọ̀ sí dídákẹ́ ẹni tó mọ̀. Òfin Ìsìláàmù mọ òórùn dáadáa, ó sì ti ṣòfin lé e lórí níbi tó bá fẹ́. Ẹni tó lọ sí Hájì tó ti wọ aṣọ ìhúráàmù kò gbọdọ̀ fi lọ́fínńdà sára tàbí sí aṣọ. Opó tó wà nínú oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí yóò fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ gbọdọ̀ yẹra fún un. Ẹni tó ń lọ kírun Jímọ̀, ìwà ẹ̀yẹ ni kí ó wẹ̀ kí ó sì fi òórùn dídùn sára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jímọ̀ mẹ́rin ó kéré tán ló ń bọ́ sínú Ràmàdáànì. Òfin tó ti gbé òórùn yẹ̀ wò níbi mẹ́ta yìí, tó kà á léèwọ̀ níbi méjì tó sì fẹ́ ẹ níbi kan, kò gbàgbé rẹ̀ nígbà tó dé orí ààwẹ̀. Ṣe ló mọ̀ pé kò sí lára ohun tí ààwẹ̀ ń béèrè. Lójú tèmi, ẹ̀rí yìí nìkan tó láti fi ọkàn ẹni tó ń dí imú kọjá ní Sábó balẹ̀.

Ẹ̀rí kejì tún súnmọ́ ilé ìdáná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bukhari, tó kó hadíìsì Ànábì jọ, gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas, ìbátan Ànábì, pé kò sí ewu fún aláàwẹ̀ láti tọ́ ọbẹ̀ wò. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà Málíkì, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, kò fẹ́ kí èèyàn máa tọ́ ọ wò láìnídìí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé bó bá tutọ́ rẹ̀ dànù tí ohunkóhun kò kọjá ọ̀fun, ààwẹ̀ rẹ̀ ṣì dúró. Ahọ́n súnmọ́ ikùn ju imú lọ. Ara ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kan ahọ́n: epo rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀, ata rẹ̀. Bí ohun tó kan ahọ́n tí a tu dànù kò bá ba ààwẹ̀ jẹ́, báwo ni ohun tó kan imú tí kò sì sí nǹkan láti tu dànù yóò ṣe bà á jẹ́? Ẹ tún wo àlúwàlá. Aláàwẹ̀ ń yọ omi lẹ́nu, ó ń fà á símú, ó sì ń fọ́n ọn jáde. Ọ̀rinrin omi á kù síbẹ̀, yóò sì bá itọ́ lọ sí ọ̀fun. Kò sí ẹni tó ní ààwẹ̀ rẹ̀ ti já. Ẹni tó ń fi pákò gbígbẹ rin ẹnu lọ́sàn-án náà ń tọ́ ata orín wò láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a wí. Òfin tó mọ̀ pé ọ̀rinrin omi gidi ń wọlé tó sì fojú fò ó kì í ṣe òfin tó ń wọn atẹ́gùn lóṣùwọ̀n.

Àtakò tó lágbára jù lọ ti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní 2004, wọ́n fún Richard Axel àti Linda Buck ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1991 lórí bí imú ṣe ń dá òórùn mọ̀. Ohun tí ìmọ̀ yìí fi yé wa ni pé òórùn kì í ṣe ẹ̀mí tó ń rà bàbà lójú òfurufú. Nǹkan gidi ni. Ègé tín-ín-tìn-ìn-tín ara àkàrà tàbí ara epo tó ń gbóná á fò sókè, á bá èémí wọ imú, á yọ́ sínú ikun tó wà lókè imú lọ́hùn-ún, á sì so mọ́ àwọn agbòórùn tí irú wọn tó nǹkan bí 400 lára ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni iṣan á gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Alátakò á wá ní: ẹ ò rí i, àkàrà ti wọ inú rẹ, kí ló tún kù kí o tó gbà pé o ti jẹ nínú rẹ̀?

Mo gbà pé ègé àkàrà wọlé. Ohun tí mi ò gbà ni pé wíwọlé rẹ̀ ni jíjẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi gáàsì ìdáná wò ó. Gáàsì yìí kò ní òórùn tó ṣe é gbára lé fúnra rẹ̀. Nǹkan olóòórùn burúkú kan tí wọ́n ń pè ní mercaptan ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kí àwa tí à ń lò ó lè tètè mọ̀ bó bá ń jò. Imú ènìyàn lè gbọ́ mercaptan bí kò tilẹ̀ ju ìdá kan lọ nínú ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ìdá afẹ́fẹ́. Kí wá ni ohun tó kéré tó báyìí lè ṣe fún ara bí kò ṣe láti mú ìròyìn wá? Iṣẹ́ òjíṣẹ́ ló ń jẹ́, ẹni tó sì gba òjíṣẹ́ lálejò kò tíì gba ọba tó rán an. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ wo carbon monoxide tó ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru. Kò lóòórùn rárá. Ẹni tó sùn níbẹ̀ ń mí in símú kíkún-ún-kíkún, ó ń wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́ láìjẹ́ pé ó gbóòórùn rẹ̀. Èyí tí a gbọ́ òórùn rẹ̀ jù lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ ara. Èyí tó wọ ara jù lọ, a ò gbọ́ òórùn rẹ̀. Nǹkan méjì tó lè yapa tó báyìí kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Yaba gan-an ti rí ẹ̀rí yìí kedere nínú oṣù ààwẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2020, ilé ìwòsàn àrùn àkóràn tó wà ní Yaba ni wọ́n gbé ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà lọ. Nígbà tí Ràmàdáànì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, ìséde ṣì wà ní Èkó, ilé ìwádìí ìṣègùn NIMR tí òun náà wà ní Yaba sì wà lára àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò àrùn náà. Ọ̀kan nínú àmì àrùn yìí ni pé ọ̀pọ̀ tó mú kò lè gbóòórùn mọ́. Wọ́n ń mí, afẹ́fẹ́ kan náà tó ní èéfín àti òórùn ọbẹ̀ nínú ń wọlé ń jáde, ègé tí ojú kò rí náà ń wọ imú wọn bó ṣe ń wọ ti aládùúgbò, síbẹ̀ òórùn kò sí. Lásìkò yẹn kan náà, àwọn èèyàn ń da atalẹ̀, áyù, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewé sínú omi gbígbóná, wọ́n ń da aṣọ borí, wọ́n sì ń fa ooru rẹ̀ símú títí òógùn á fi bò wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ mí sínú láìgbóòórùn. Ẹni kejì kò wá òórùn rárá. Oògùn ló ń wá, ooru tó sì ń fà ni àgbo rẹ̀. Bí aláàwẹ̀ kan bá jókòó sórí ìkòkò bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, tó ń fi gbogbo agbára fa ooru náà wọ ọ̀fun, mi ò ní sọ fún un pé òórùn lásán ni. Ó ti lo oògùn. Àmọ́ obìnrin tó ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ tí ooru sì fẹ́ lù ú lójú, kò lo ohunkóhun.

Ibí yìí ni ọ̀nà Málíkì ti ń tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò bá a lọ dé òpin. Nínú àwọn àlàyé tí wọ́n ṣe sórí ìwé òfin Málíkì tí Khalil kọ, wọ́n pààlà sáàárín òórùn tí kò ní ara, irú ti òdòdó àti lọ́fínńdà mọ́síkì, àti èéfín tùràrí tàbí ooru ìkòkò tó ní ara. Ti àkọ́kọ́ kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ti èkejì ń bà á jẹ́ bí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ fà á símú tó sì dé ọ̀fun, nítorí wọ́n ní ó ń fún ọpọlọ lókun bí oúnjẹ. Bó bá wọlé fúnra rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Wọ́n tilẹ̀ yọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ lórí eruku iṣẹ́ wọn, bí ẹni tó ń lọ ìyẹ̀fun. Ibn Taymiyya, tó kú ní 1328, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní àwọn Mùsùlùmí ìgbà Ànábì ń fi tùràrí sun ilé àti aṣọ, èéfín rẹ̀ sì ń gòkè wọ imú. Bó bá jẹ́ pé ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́ ni, Ànábì ì bá ti sọ, nítorí ohun tí gbogbo ayé ń ṣe lójoojúmọ́ kì í ṣe ohun tí òfin máa ń dákẹ́ lé lórí. Ẹjọ́ rẹ̀ dára, ó sì jọ èyí tí mo rò síwájú. Àmọ́ àwọn Málíkì ló di ìdí ọ̀rọ̀ mú: ìdí tí wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n sọ ni pé nǹkan náà ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ lára. Ìdí yẹn tọ̀nà. Àpẹẹrẹ ooru ìkòkò ni kò bá a mu mọ́, nítorí a mọ̀ lónìí pé ooru ọbẹ̀ kò bọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà fà á fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ wá fi ìdí kan náà wọn sìgá àti ṣíṣà. Èròjà inú èéfín tábà ń gba ẹ̀dọ̀fóró wọ ẹ̀jẹ̀, ó ń dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ara á sì máa bèèrè fún un bí ebi ṣe ń bèèrè oúnjẹ. Ẹni tó ń fa sìgá lọ́sàn-án Ràmàdáànì ti ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́, kò sì lè fi alákàrà ṣe àwáwí pé èéfín ni àwọn méjèèjì jọ gbà símú. Ọ̀kan mú, ó fà, ó jẹ àǹfààní rẹ̀. Èkejì ń ṣiṣẹ́, èéfín bá a níbẹ̀.

Ìtàn kan wà nípa Umar ọmọ Abdul-Aziz, kàlífà tó jọba láàárín 717 sí 720, tí ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí lè fi bá mi jà. Wọ́n ní wọ́n gbé mọ́síkì ilé ìṣúra ìlú wá síwájú rẹ̀, ó sì di imú rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí tún ni àǹfààní mọ́síkì bí kò ṣe òórùn rẹ̀. Alátakò á ní: níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òórùn ni gbogbo àǹfààní nǹkan, gbígbóòórùn rẹ̀ ni lílò rẹ̀ tán. Mo bọ̀wọ̀ fún ìtàn yìí gan-an. Ó dùn mọ́ mi pé alákòóso kan bẹ̀rù owó ìlú dé ibi tó fi ń ṣọ́ imú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìfọkàntán ni, kì í ṣe ẹjọ́ oúnjẹ. Ohun tó ń sá fún ni jíjàǹfààní nínú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, èèyàn sì lè jàǹfààní nǹkan láìjẹ ẹ́: ẹni tó jókòó sábẹ́ igi olówó ń jàǹfààní ibòòji. Àwọn amòfin Júù náà ti jìjàkadì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú Talmud, Rav àti Levi kò fẹnu kò: bí wọ́n bá sun ẹran tó tọ́ àti ẹran èèwọ̀ pọ̀ nínú ààrò kan, ṣé òórùn èèwọ̀ ti sọ èyí tó tọ́ di èèwọ̀? Rav ní òórùn jẹ́ nǹkan gidi. Levi ní kò jámọ́ nǹkan. Síbẹ̀, àwọn Júù yìí kan náà ń súre kí wọ́n tó gbóòórùn ohun dídùn, àlàyé tí wọ́n sì ṣe ni pé òórùn ni ohun tí ẹ̀mí ń gbádùn tí ara kò sì jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ fún un, wọn kò pè é ní oúnjẹ. Ibi tí mo dúró sí gan-an nìyẹn.

Ìwé mímọ́ àwọn onígbàgbọ́ náà gbè mí lẹ́yìn, ó sì yẹ kí wọ́n bá wa dá sí i, nítorí ààwẹ̀ kì í ṣe ti Mùsùlùmí nìkan ní àdúgbò yìí. Láti ọwọ́ àwọn apẹja Ègùn ni Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, ti dé Makoko, tùràrí sì wà lára ìjọsìn wọn. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ láàárín wọn ń jọ́sìn nínú òórùn náà, kò sì rò pé òun ti jẹun. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 8, lẹ́yìn ìkún-omi, Nóà rúbọ, Olúwa sì gbọ́ òórùn dídùn ẹbọ náà. Nínú Sáàmù 50, Olúwa kan náà bínú sí ẹni tó bá rò pé Òun ń jẹ ẹran akọ màlúù. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó gbóòórùn ti jẹ, orí méjèèjì yìí ń ja ara wọn. Wọn kò jà, nítorí àwọn tó kọ wọ́n mọ̀ pé èèyàn lè gba òórùn nǹkan kí ó má gba nǹkan náà. Ẹsẹ 37 nínú Súúrátúl-Hájì sọ ohun tó jọ ọ́: ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ẹran iléyá kò dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ìbẹ̀rù Rẹ̀ tó wà lọ́kàn ló ń dé ibẹ̀. Hadíìsì sì sọ pé òórùn ẹnu aláàwẹ̀ dára lọ́dọ̀ Ọlọ́run ju mọ́síkì lọ. Ẹnìkan á ní àfiwé ni gbogbo èyí, pé Ọlọ́run kò ní imú. Àfiwé ni lóòótọ́. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí ara ènìyàn ń ṣe, èyí ni wọ́n yàn láti fi sọ bí Ẹni tí kì í jẹ tí kì í mu ṣe ń tẹ́wọ́ gba nǹkan, mo sì rí ìdí rẹ̀. Ohun tí a jẹ ń dín kù. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá kọjá níwájú ìsọ̀ alákàrà tí gbogbo wọn sì gbóòórùn, iye tó kó sínú ike kò yẹ̀. Ìtàn ẹni tó fi òórùn ẹran sísun jẹ búrẹ́dì gbẹrẹfu, tí onílé oúnjẹ sì ní kó sanwó, wà káàkiri ayé. Rabelais ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ilẹ̀ Faransé ní 1546. Ìdájọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n fi ìró owó san òórùn ẹran. Àwọn èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdájọ́ òdodo ni.

Ó ku àtakò kan tó ń bá ọkàn wí ju ara lọ. Wọ́n á ní: nígbà tí òórùn sùyà bá kọ lu imú, itọ́ á sọ lẹ́nu, ikùn á dún, ọkàn á fà sí i, ara ti ń jẹun lọ́kàn. Ivan Pavlov, tó gba Nobel ní 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú, fi hàn pẹ̀lú ajá pé ara ń múra sílẹ̀ fún oúnjẹ kí oúnjẹ tó dé. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni pé èrò ọkàn náà lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, bí Jésù ṣe ka ìwò ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ sí àgbèrè. Mi ò jiyàn pé ara ń múra. Ṣùgbọ́n itọ́ tó sọ náà, itọ́ ara ẹni ni, gbígbé e mì kò sì ba ààwẹ̀ jẹ́. Ti ọkàn ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀. Oúnjẹ kì í ṣe obìnrin olóbìnrin. Ohun tó tọ́ fún aláàwẹ̀ ni, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Nínú ọ̀rọ̀ tí Ànábì gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run nípa aláàwẹ̀, ohun tí Ọlọ́run yìn níbẹ̀ ni pé ó fi oúnjẹ rẹ̀, ohun mímu rẹ̀ àti ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Òun. A kì í fi ohun tí kò wu ni sílẹ̀. Ẹni tó wà níbi tí oúnjẹ kò sí, ebi ló ń pa á. Ẹni tí òórùn bọ̀ọ̀lì kọ lù, tó ní owó lápò, tí kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, tó wá kọjá lọ, iṣẹ́ ìsìn ló ń ṣe. Tirmidhi, tí òun náà kó hadíìsì jọ, tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ kan wá pé bí àwọn èèyàn bá ń jẹun níwájú aláàwẹ̀, àwọn máláíkà á máa tọrọ àánú fún un. Ta ló ń jẹun níwájú ẹni tí kò ní gbóòórùn? Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí nígbà tí wọ́n bá ń dẹ́rù ba àwọn alásè pé òórùn ìkòkò wọn ti jẹ ààwẹ̀ wọn. Àwọn gan-an ló ń gba ààwẹ̀ tó le jù lọ ní Yaba.

Ẹnìkan lè wá fi ọ̀rọ̀ mi mú mi. Èéfín sìgá tí ẹlòmíràn ń fà ń pa ẹni tí kò fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tó ń kú bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù kan. Bó bá lè pa wọ́n, ṣé wọn kò tíì gbà á sínú ni? Wọ́n ti gbà á sínú ara, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló mu ún. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àyínìke. Òun ló jẹ́ kí ẹ̀bi dúró lórí ẹni tó yẹ: ìjọba Èkó kò ṣe òfin 2014 lórí sìgá mímu láti fi mú ẹni tí èéfín bá níbi tó jókòó, ẹni tó tanná sí sìgá níbi tí kò yẹ ni òfin náà ń wá. Bí a bá pa gbígbà àti mímu pọ̀ sí ọ̀kan, a ti gbé ẹrù ẹlẹ́bi lé ẹni tó fara gbá a lórí, èyí sì ni ohun tí àwọn tó ń sọ fún alákàrà pé ààwẹ̀ rẹ̀ ti bà jẹ́ ń ṣe láìmọ̀. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Makoko ń dúró nínú èéfín igi láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọ̀pọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ikú mílíọ̀nù 3.2 sí ọrùn èéfín ìdáná inú ilé ní ọdún 2020 nìkan. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin tó ń fi èéfín jẹun bá wá bi ààfáà tàbí wòlíì léèrè bóyá ààwẹ̀ òun ṣì pé, kí wọ́n tètè sọ fún un pé ó pé, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí wọ́n sì tún bi í pé irú ààrò wo ló ń lò, ṣé fèrèsé wà níbi tó ti ń dáná, ṣé ikọ́ kò ti ń yọ ọ́ lẹ́nu lóru, àti pé èló ni ààrò tí kì í rú èéfín púpọ̀ tí ìjọ tàbí mọ́sáláṣí lè dá owó rà fún un kí oṣù ààwẹ̀ tó parí.